Àwo Láti Ìjàn

Ó ṣojú mi. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi, n kò sì lá a lójú oorun. Àwa tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, àfi ẹnì kan tí n kò mọ ohun tí ǹ bá sọ nípa rẹ̀. N kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbà mí gbọ́. Kí ẹ ṣáà gbọ́ ọ tán.

Ilésanmí ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ìsẹ̀ ló ń gbé nígbà náà, lọ́dún tó tẹ̀lé èyí tí Ọbabìnrin ìlú Ọba wá sí Nàìjíríà. Ìjọba ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó máa ń gun kẹ̀kẹ́ káàkiri oko àti ìletò láti yẹ kòkó wò kí wọ́n tó dì í sínú àpò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kòkó ni àwọn èèyàn fi mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá dé Ìsẹ̀ tí ẹ béèrè ilé rẹ̀, wọ́n á bi yín pé, "Ilésanmí oní-giramafóònù?"

Giramafóònù onípákó ni, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Àwo orin sì kún inú àwọn àpótí tó wà nísàlẹ̀ tábìlì. Jùjú wà níbẹ̀, sákárà wà níbẹ̀. Orin fèrè àwọn ará Góòlù Kóòsì, orin ijó àwọn ará Kúbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ èdè rẹ̀, orin àwọn sójà òyìnbó, orin ìjọ. Kò sí èyí tí ẹ̀gbọ́n mi kò ní ohun tí yóò sọ nípa rẹ̀.

Ó ní sákárà kì í ṣe orin tí ẹni tí ebi ń pa ń gbọ́. Ó ní kí èèyàn yó ná, kó na ẹsẹ̀, kó tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Ó ní ẹni tó ń ta gòjé nínú ọ̀kan nínú wọn ń sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀. Òun gbọ́ ọ lára okùn rẹ̀. Ní ti jùjú, àwọn ti àtijọ́ ló fẹ́, èyí tí gìtá kan àti ohùn kan ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èèyàn jókòó tì yín lọ́ọ̀dẹ̀. Ó ní àwọn tuntun ti kó ìlù jọ jù, pé ó dà bí ìgbà tí gbogbo ará ilé ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí mo bá bi í pé kí ló gbọ́ nínú orin àwọn ará Kúbà, á ní, "Fúnmilọ́lá, etí mi ni kò gbọ́ èdè wọn. Ẹsẹ̀ mi gbọ́."

Àwo fèrè kan láti Góòlù Kóòsì ló pè ní olórí gbogbo wọn. Kí fèrè náà tó wọlé, ó ti gbé ọwọ́ sókè. Gbogbo ẹni tó bá wọ pálọ̀ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbọ́ àwo yẹn, kó sì gbà pé kò sí irú rẹ̀. Èyí tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù ni àwo kan tí àwọn obìnrin ìjọ kan kọ, tó ti sán létí. "Ẹ gbọ́ wọn," á wí. "Bí ewúrẹ́ tí òjò ń pa."

Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń wọ lọ́rì wá sí Ìsẹ̀ láti wá gbọ́ orin. Ẹnì kejì tí kì í pa á jẹ ni Ọ̀gbẹ́ni Dúrósinmí, ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó tún jẹ́ ọ̀gá àwọn akọrin. Àríyànjiyàn ló ń bá a wá.

"Ilésanmí, orin kí lèyí? Ohùn kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin!"

"Ohùn kan tó, ọ̀gá. Ohùn mélòó lẹ fi ń pe ìyàwó yín?"

Wúràọlá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, á rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìnkùlé. Ìdílẹ̀kẹ̀ ló ń pè mí, nítorí ìyàwó ilé kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Adéyínká, ọ̀dọ̀ ìyá wa ni ọmọ náà sì wà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ń dúpẹ́ fún ìyẹn títí dòní.

Sátidé kan nígbà òjò, ẹ̀gbọ́n mi fi nǹkan kan tí wọ́n fi àkísà aṣọ òkè wé hàn wá. Ó ní Ìjàn ni òun ti gbà á, lọ́sẹ̀ tí òun lọ yẹ kòkó wò níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Babáfẹ́mi ló fún un, nígbà tó gbọ́ pé ó fẹ́ràn orin.

"Ìta ló ti gbé e fún mi," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kò jẹ́ kí n wọlé. Kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi."

"Orin ta ni?" Dúrósinmí bi í.

"Ó ní òun kò mọ̀. Bàbá òun ló ń gbọ́ ọ."

"Bàbá náà ti kú?"

"Ó ní ó wà nílé."

"Kí ló dé tí bàbá náà kò fúnra rẹ̀ gbé e fún ẹ?"

"Èmi náà bi í. Ó kàn ń wo ilẹ̀."

Ó tú aṣọ náà. Àwo dúdú ni, ó wúwo ju àwọn yòókù lọ. Kò sí bébà orúkọ láàárín rẹ̀. Ẹnì kan ti fi èékánná ha á kúrò. Ojú kan ní ilà, ojú kejì ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí ojú omi.

Atẹ́gùn ti bẹ̀rẹ̀. Òjò ńlá ń bọ̀. A ti àwọn fèrèsé, a ti ilẹ̀kùn, kí omi má baà fẹ́ sára àwọn àwo. Kò pẹ́ tí òjò fi dé sórí páànù. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń gba àárín pákó fèrèsé wọlé tín-tín-tín. Láti ilé ìdáná lẹ́yìn, mo ń gbọ́ odó. Wúràọlá ń gún iyán.

Ẹ̀gbọ́n mi yí ẹ̀rọ. Ó gbé abẹ́rẹ́ lé e.

Ṣììì ni a kọ́kọ́ gbọ́. Ó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Dúrósinmí fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni ẹnì kan wọ́ àga nílẹ̀, nínú àwo náà. Ẹnì kan wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni orin bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń kọ ọ́. N kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ohùn mẹ́ta ló gun ara wọn, bí àwọn èèyàn wa ní Èkìtì ṣe máa ń kọrin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Kò sí ìlù. Kò sí gìtá. Dúrósinmí gbé orí sókè.

"Ará ibí ni wọ́n," ó wí.

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Mi ò gbọ́ ọ dáadáa."

Èmi náà kò gbọ́ ọ. Ó dà bí èdè ìlú tó múlé ti ìlú wa. Bí ó bá ti fẹ́ yé mi báyìí, á tún sún síwájú díẹ̀.

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń retí ohun tí yóò sọ. "Bọ̀ọ̀dá, báwo lẹ ṣe rí i?"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mì. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún. "Mi ò mọ̀," ó wí.

N kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀ pé òun kò mọ̀ bí orin kan ṣe rí.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí pé n kò gbọ́ òjò mọ́. N kò gbọ́ odó. Kò sí adìẹ, kò sí ọmọdé, kò sí ẹsẹ̀ èèyàn lójú títì. Orin yẹn nìkan ló kù láyé.

"Òjò ti dá," mo wí.

"Ẹ jẹ́ kí n yáa máa lọ kó tó tún bẹ̀rẹ̀," Dúrósinmí dáhùn. Ó dìde, ó fa irin ilẹ̀kùn sẹ́yìn. Irin náà ṣí. Ó fa ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn kò wá.

Ilẹ̀kùn tó bá há máa ń mì tí a bá fà á. Èyí kò mì. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n so ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́ ara àpáta, tí wọ́n ní kí èèyàn máa fà á. Ẹ̀gbọ́n mi ràn án lọ́wọ́. Wọ́n jùmọ̀ fà á. Wọ́n lọ sídìí fèrèsé, bákan náà ni. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá pákó fèrèsé. Ọwọ́ dùn mí. Ṣùgbọ́n pákó náà kò dún. Mo tún un gbá. Kò dún.

Mo gbé ojú sí ihò àárín pákó. Ìdí igi gúróbà ló yẹ kí n rí, àti kẹ̀kẹ́ Dúrósinmí tó fara ti ògiri. N kò rí igi. N kò rí kẹ̀kẹ́. Funfun ni mo rí. Kì í ṣe kùrukùru, nítorí kùrukùru máa ń rìn. Èyí dúró. Kò sí nǹkan kan níta mọ́.

"Gbé abẹ́rẹ́ yẹn kúrò!" Dúrósinmí wí.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé e kúrò. Orin ń lọ. Ó fi ọwọ́ dá àwo náà dúró. Àwo dúró, orin ń lọ. Ó pa ìdérí ẹ̀rọ dé, ó fi ara tẹ̀ ẹ́. Orin kò lọ sílẹ̀ rárá. Nígbà tó tún ṣí i, àwo ti ń yí, abẹ́rẹ́ sì wà lórí rẹ̀, ní etí pátápátá, níbi tó ti kọ́kọ́ gbé e lé. Kò tíì sún wọ inú.

Ooru mú wa. Pálọ̀ náà kò tóbi, ó sì dà bí ẹni pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti tán. Òógùn ń gba àgbọ̀n Dúrósinmí bọ́ sórí aṣọ. Ó ní kí a fi orin ìyìn bá a wí. Ó la ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin kan tí gbogbo ọmọ ìjọ mọ̀.

Àwọn inú àwo gbè é.

Lójú ẹsẹ̀ ni. Wọn kò ṣì í. Ọ̀kan gba ìsàlẹ̀, ọ̀kan gba òkè. Ó dùn. Ọlọ́run ló mọ̀, ó dùn ju bí àwọn akọrin wa ṣe ń kọ ọ́ lọ. Dúrósinmí dákẹ́ lójijì láàárín ọ̀rọ̀. Àwọn náà dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ kan náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n padà sí tiwọn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. "Ìyàwó! Wúràọlá! Ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa!" Ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo, Dúrósinmí ń pariwo. Ohùn wa kàn ń padà bá wa. N kò mọ bí a ṣe pẹ́ tó. Nígbà náà ni mo gbọ́ nǹkan kan láàárín orin náà.

Ohùn Wúràọlá ni. Inú giramafóònù ló ti ń jáde.

"Bàbá Adéyínká? Ìdílẹ̀kẹ̀? Uyán ti délẹ̀ o. Níbo ni gbogbo wọn gbà?"

A wo ara wa. Ẹ̀gbọ́n mi wólẹ̀ sórí orúnkún níwájú ẹ̀rọ. "Wúrà! Wúràọlá! Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

A gbọ́ pé nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ní ń pè mí nínú àwo?"

"Èmi ni. Ọkọ rẹ ni. Níbo lo wà?"

"Mo wà ní pálọ̀." Ó ti ń sunkún. "Mo wà ní pálọ̀, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Àga yín ṣófo."

"Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa," mo wí. "Ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ìdílẹ̀kẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Èmi ni mo ṣí i wọlé."

Mo wo ilẹ̀kùn. Ó wà ní títì.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Wúrà, gbọ́. Gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo yẹn. Ìwọ gbé e. Tiwa kò gbọ́."

A gbọ́ mímí rẹ̀. Orin ń lọ lábẹ́ rẹ̀.

"Èwo ni kí n ṣe?" ó bèèrè.

"Kí lo pè ní èwo?"

"Ẹ ní kí n gbé e. Ẹ tún ní kí n má gbé e."

"Ta ló ní kí o má gbé e?"

"Ẹ̀yin ni. Ohùn yín ni." "Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbẹ̀?"

"Mẹ́ta," Dúrósinmí wí. "Àwa mẹ́ta péré ni, ìyá."

"Èèyàn mẹ́rin ni mò ń gbọ́," Wúràọlá dáhùn.

Mo gbé ẹ̀yìn ti ògiri. A wo gbogbo igun pálọ̀ náà. Tábìlì. Àwọn àpótí. Àga wa, àti àga kẹrin tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí. Ó ti kúrò lára ògiri. Ó wà láàárín ilé. N kò mọ ìgbà tí wọ́n wọ́ ọ débẹ̀.

Dúrósinmí na ọwọ́ sí mi, mo dì í mú. Ó fi ọwọ́ kejì di ẹ̀gbọ́n mi mú. Báyìí ni a ṣe dúró, kí nǹkan kan má baà wọ àárín wa.

"Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan," Wúràọlá wí. Kò sunkún mọ́. Ohùn rẹ̀ ti le. "Bàbá Adéyínká, nínú gbogbo àwo yín, èwo lẹ fẹ́ràn jù?"

Mo rò pé àwo fèrè ni yóò pè. Gbogbo Ìsẹ̀ ló mọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ti àwọn obìnrin ìjọ," ó wí. "Èyí tó sán. Mo máa ń gbé e sórí ẹ̀rọ láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, nígbà tí mo bá rò pé o ṣì ń sùn. Ọ̀kan nínú wọn ń ṣe bí ìyá mi nígbà tó bá ń kọrin."

Orin náà ṣì ń lọ.

"Olúwa, dákun," a gbọ́ tí Wúràọlá wí.

Òjò bú sórí páànù bí òkúta. Afẹ́fẹ́ tútù kọ lù mí. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, omi ń ta wọlé, Wúràọlá sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, iyán lẹ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀, apá giramafóònù wà nínú ọwọ́ náà. Àwo ìjẹun fọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Dúrósinmí ṣì di ọwọ́ mi mú. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ kejì.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí àga. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa.

"Ẹ jẹ́ ká jẹun," ó wí.

Àwa yòókù kò lè gbé òkèlè mì. Òun jẹ tirẹ̀ tán.

Dúrósinmí kò wá mọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Mo pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, mo kúnlẹ̀ kí i, mo bi í pé kí la ṣe.

"Mísì," ó wí, kò wo ojú mi. "Nígbà tí ìyàwó yín gbé abẹ́rẹ́ yẹn, mo di ẹ̀gbọ́n yín lọ́wọ́ mú gírígírí. Ó di èmi náà mú. Ọwọ́ yẹn kò bá mi jáde."

"Ṣùgbọ́n ó jáde, ọ̀gá. Ó jókòó níwájú wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó jókòó níwájú wa." Ó ṣí agbòòrùn rẹ̀, ó sì lọ. Kí oṣù náà tó parí, ó ti kó lọ sí Adó. Wọ́n ní kì í tẹ dùùrù mọ́.

Èmi ń lọ sí Ìsẹ̀ bí mo ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀, nítorí Wúràọlá. Ẹ̀gbọ́n mi á gbé sákárà sórí ẹ̀rọ. Á gbọ́ ọ tán. Á ní, "Ó dára." Á gbé jùjú lé e. "Ó dára." Àwọn ará Kúbà, "Ó dára." Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í mì. Lọ́jọ́ kan, ó gbé àwo fèrè lé e, fèrè sì wọlé, ọwọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó ń wò mí, kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí kò sí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn tí tèmi ti parí.

Kò sí ohun búburú kan tó ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí dáadáa. Kò lu ìyàwó rẹ̀. Kò mutí. Iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ déédéé, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń yìn ín. Wúràọlá kó ẹrù lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Bàbá rẹ̀ bi í pé, "Kí ló ṣe ọ́?" Kò rí nǹkan kan sọ. "Ṣé kì í fún ọ lóúnjẹ ni?" Ó ń fún un. "Ṣé ó fẹ́ obìnrin mìíràn ni?" Kò fẹ́. Bàbá náà fúnra rẹ̀ mú un padà sí Ìsẹ̀, ó bẹ ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kò sí nǹkan kan, ó ti tán. Ó bá a gbé ẹrù rẹ̀ wọlé.

Ọjọ́ tí mo lọ kí i lẹ́yìn èyí, ilé ìdáná ni mo bá a. Ó ń bẹ iṣu. Ó wo ẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìdílẹ̀kẹ̀, ẹ rántí ohun tí mo bèèrè lọ́jọ́ yẹn."

"Mo rántí. Bọ̀ọ̀dá dá yín lóhùn. Ìdáhùn náà lẹ fi mọ̀ ọ́n."

Ó mi orí. "Ẹni méjì ló dá mi lóhùn. Lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ kan náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ti ìyá yín. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi. Mi ò kàn lè fi yín sílẹ̀ níbẹ̀ ni mo fi gbé abẹ́rẹ́ yẹn."

Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kì í dijú mọ́ tó bá dùbúlẹ̀," ó wí. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan ṣì wà nínú àwo yẹn."

Àwo náà wà nínú àpótí, láàárín àwọn yòókù, nínú àkísà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò fi pamọ́. A dúró di ọjọ́ tó lọ sí Iro fún iṣẹ́. Ó ní òun yóò sun ibẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, a wò ó títí tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi yí igun, a sì gbé ẹ̀rọ àti àwo lọ sí oko. Wúràọlá ní ahéré kan níbẹ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò ní ògiri, òpó àti imọ̀ ọ̀pẹ nìkan. Ohun tí a fẹ́ gan-an nìyẹn. A kò fẹ́ ohun kankan tó lè tì mọ́ wa.

Oòrùn ti gòkè. Ó mú janjan. Ewé kòkó kò mì. A gbé ẹ̀rọ sórí ilẹ̀, Wúràọlá yí i. Ó ní kí n dúró lóòrùn, kí òun nìkan dúró tì í. Mo kọ̀. Ó gbé abẹ́rẹ́ lé e.

Ṣììì.

Kò sí orin. Wọn kò kọrin lọ́tẹ̀ yìí. A dúró títí. Mo ń tẹ́tí sí àwọn ẹyẹ, láti mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń ké. Wọ́n ń ké. Mo fẹ́ sọ pé kí a máa lọ ilé.

Nígbà náà ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

Nínú àwo náà ni. Kò le. Ó kàn án, ó dúró, ó tún un kàn. Ó dà bí ti ẹni tó ti ń kàn án tipẹ́, tí apá ti ń ro, tí kò retí pé wọn yóò ṣí i mọ́.

Wúràọlá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó gbé e kúrò. "Bàbá Adéyínká?" ó pè é jẹ́jẹ́.

Kíkàn náà dúró. A gbọ́ tí ẹnì kan fa èémí, bí ẹni tó fẹ́ dáhùn.

"Àwo wo lẹ ń gbọ́?"

Ẹ̀yìn wa ni ohùn náà ti wá. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lójú ọ̀nà, ó di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. N kò gbọ́ ìró táyà. N kò gbọ́ ẹsẹ̀. Oòrùn yẹn mú, kò sì sí òógùn lójú rẹ̀.

Ó fi kẹ̀kẹ́ ti òpó. Ó wọlé, ó lóṣòó sáàárín wa. Ó gbé abẹ́rẹ́ kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ó wé àwo náà sínú àkísà rẹ̀, ó dè é mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Kò bínú. Kò bi wá ní ohunkóhun mọ́.

"Oòrùn ti mú jù," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ ulé."

Ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Kò bojú wẹ̀yìn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló jáde nínú oko náà, òun ló sì wà lójú rẹ̀. Wúràọlá wò mí, mo wò ó. Lẹ́yìn náà ó wé òṣùká, mo bá a gbé giramafóònù lé orí, a sì tẹ̀lé e.